Ẹnu Alápàárá

Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti máa ń sín ènìyàn jẹ. Alápàárá là ń pè wọ́n nílé. Wọ́n á yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn nígbà tó bá ń bínú, èmi á sì rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnu wọn yí ní pápá ìṣeré, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ mẹ́rin ń du ife-ẹ̀yẹ, ẹ̀rín ni mo rín. Rẹfirí ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn fèrè pé eré àkọ́kọ́ parí, mo rò pé òun ni wọ́n ń sín jẹ. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n gbé orí lé èjìká mi, mo sì ní oòrùn ló mú wọn.

Orí èjìká mi ni wọ́n wà títí eré kejì fi parí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n nínú àṣekágbá, gbogbo èrò fò dìde, èmi náà fò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sáàárín àga bí àpò.

A gbé wọn lọ sí àgọ́ ìtọ́jú, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ sì ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ti ọ̀tún ò gbéra. Ó ní rọpárọsẹ̀ ni, ó sì bá wa wọ ọkọ̀ aláìsàn.

Ọkọ̀ náà rìn díẹ̀, ó dúró. Àwọn tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà ti kún títì, wọ́n ń wo eré lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Wọ́n ń fọwọ́ lu ara ọkọ̀ wa bí ẹni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè, wọ́n fi orin gbè é. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo ń rí òrùlé ilé ìwòsàn láti ojú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ṣàlàyé fún mi pé lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ báyìí, àwọn kì í dúró gba káàdì. Tààrà ni wọ́n á gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì á sì ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ jù tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní lè fún wọn ní oògùn náà.

“Ìgbà wo lẹ rí wọn gbẹ̀yìn tí ara wọn dá?”

“Kí bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n,” mo ní. “Wọn ò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀.”

Ó sọ ọ́ fún dókítà. Dókítà ní kò burú, kí wọ́n ní sùúrù, ọlọ́pàá ń bọ̀ wá lànà. Mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ìró lásán ló jáde. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di aṣọ mi mú, wọ́n ń fà á.

Nọ́ọ̀sì rí i. “Ṣé ohun tí ẹ sọ dá yín lójú? Bí àkókò yẹn ò bá tọ̀nà, oògùn yìí lè da ẹ̀jẹ̀ sí wọn lọ́pọlọ.”

“Ẹnu wọn ti yí látìgbà tí eré àkọ́kọ́ parí,” mo ní. “Mo rò pé àpárá ni.”

Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún dókítà kíákíá. Dókítà ní àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a ó fi jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn gbé wọn wá.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, èrò tì í padà. Dẹ́rẹ́bà fi èjìká gbá a ṣí. Èmi ni mo ṣáájú, mò ń ti ènìyàn. Ọkùnrin kan tó kun ojú ní àwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wò mí, ó ní mọ́mì yìí náà ti mutí yó.

“Kúrò lọ́nà kí n má gbá ọ létí,” mo ní.

Ó rí ẹni tí wọ́n gbé lẹ́yìn mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó na apá méjèèjì, ó sì ń ti èrò lọ níwájú wa títí a fi dé géètì.

Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ. Wọ́n gbé wọn wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Mo dúró síbẹ̀, mo kọjú sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní àwòrán fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ò dà sí wọn lọ́pọlọ, oògùn náà sì ti wọlé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Wọ́n yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bóyá ọ̀gá wọn ni wọ́n ń sín jẹ, mi ò mọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo pariwo pe dókítà.