Ohun Tí Kalina Ń Fọwọ́ Sọ

Adití ni Penka, ìyá ọkọ mi, láti kékeré. Ọwọ́ ló fi ń bá Asen, ọkọ mi, sọ̀rọ̀. Èmi ò kọ́ èdè ọwọ́ yìí. Ọdún mẹ́ta tí mo ti wọlé wọn, ẹ̀rín àti mímì orí ni èmi àti Màmá fi ń gbé pọ̀.

Nígbà tí àkókò kíká òdòdó róòsì dé, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ń gbé Kalina, ọmọ mi olóṣù mẹ́wàá, sí kí n tó lọ sóko. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ Gergana, aládùúgbò wa tí a jọ ń ká òdòdó, nínú.

"Ìyá Kalina, láti ọmọ oṣù mẹ́jọ ni tèmi ti ń pe 'mama'. Ẹnu ta ni tìẹ ti fẹ́ gbọ́rọ̀? Àbí odi lo fẹ́ kó tọ́ ọ?"

"Gergana, òdòdó la wá ká, a ò wá ká ẹjọ́."

Mo dá a lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún mi. Lọ́jọ́ kejì, mi ò gbé ọmọ fún Màmá mọ́. Mo gbé e lọ sóko, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ igi.

Kò pẹ́ tó bú sẹ́kún. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó jù ú nù. Mo gbé e jó, ẹkún náà tún le sí i. Ó kàn ń na ọwọ́ kan, ó ń dì í, ó ń tú u.

Baba Minko, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó àpò òdòdó, dúró. Òun àti Màmá jọ dàgbà ni.

"Ruska, ṣé ojú ẹ ò ríran ni? Ọmọ ń bẹ̀ ẹ́! Wàrà ló ń pè. Bí Penka ṣe ń pè é nìyẹn, bí ẹni tó ń fún ọmú ewúrẹ́."

Mo fún un ní wàrà. Ó mu ún tán, ó wá fi ìkúùkù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Èyí ńkọ́, Baba?"

"Ìyá àgbà. Ó ń béèrè ẹ̀."

Ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò gbọ́. Mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé Màmá. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún. Mo fi ìkúùkù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ìka mi tò dáadáa, bí mo ṣe rò pé ó ti ṣe fún ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbá a mọ́ra.

Ó gbé abọ́ wàrà kíkan síwájú mi, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pè é.