Agbára Oníwòsàn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó jókòó tì wá tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Èmi, ọkọ ẹ̀ àti màmá wa ń dán eré orí tábìlì tuntun tí mò ń ṣe wò. Oníkálukú yan akọni kan, a sì ń da dáìsì bíi ti lúdò. Òun ló ń ṣe oníwòsàn, tó ń fi agbára ẹ̀ wo àwọn aláìsàn inú eré náà sàn.

Kò pẹ́ tí agbára ẹ̀ fi tán. Mo ní, "Ẹ sùn mọ́jú, gbogbo ẹ̀ á padà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ gbuu. Ṣebí mo sùn lánàá. Wò mí."

"Kí ló wá lè dá a padà?"

"Kí ẹlòmíì bá mi dúró ti aláìsàn."

Mo pa òfin oorun yẹn rẹ́. Mo ní agbára ẹ̀ ò ní padà àfi tí akọni mìíràn bá gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ọkọ ẹ̀, tó ń ṣe jagunjagun, ní òun ò ráyè, òun ń pọ́n idà lọ́wọ́.

Màmá wa ní, "Gbé aláìsàn yẹn fún mi, jàre. Lọ sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé tábìlì. Ọkọ ẹ̀ wò ó títí, ó dìde, ó lọ gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un.