Ìfun Tí A Fọ̀ Mọ́

Ẹni ìkẹyìn tí akunlé kan, tí ń fi ọ̀dà kun ilé jẹun, fẹ́ bẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, alágbàfọ̀. Òun nìkan sì ni ó kù fún un láti bẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn ni wọn kò ti kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ náà ni ó ti àwo oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fún un padà níwájú ẹbí, tí ó ní ọ̀bùn ni, pé ọwọ́ tí ó ń fọ aṣọ tí aláìsàn yàgbẹ́ sí kò gbọdọ̀ bu oúnjẹ fún òun.

Nísinsìnyí, ìfun tirẹ̀ ni ó wú, tí ń ṣẹ̀jẹ̀, tí kò gbọ́ oògùn. Dókítà ṣàlàyé fún un pé àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń gbé inú ìfun ènìyàn. Àwọn rere inú wọn a máa jẹ èèpo ẹ̀wà àti okùn ẹ̀fọ́ tí kò dà nínú wa, wọn a sì sọ ọ́ di oje tí í tu ìfun lára, tí kì í jẹ́ kí ọmọ ogun ara máa bá ara fúnra rẹ̀ jà. Tirẹ̀ ti kú tán. Wọn óò gba irú wọn láti inú ìgbẹ́ ìbátan rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ dá, wọn óò sì fi wọ́n sínú ìfun tirẹ̀. Ìwòsàn náà lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá tètè ṣe é, wọn óò gé ìfun náà dànù.

Ó bá a níbi tí ó ti ń lọ aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Aṣọ ta ni o gbé wá?" Kò gbójú sókè.

Ó ní aṣọ kọ́ ni òun gbé wá. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé korò lẹ́nu. Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi ni ó wá tọrọ ìgbẹ́ mi?"

"Ẹ fi mí ṣẹ̀sín títí yóò fi tó yín, ẹ sáà ti fún mi."

"Àwo wo wá ni kí n bù ú sí, kí o má baà tì í padà?"

Akunlé dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó dìde, òun gbà. Ó bi í léèrè ohun tí dókítà ń wá gan-an nínú ìgbẹ́. Akunlé ní oje kan ni. Kò dárúkọ kòkòrò. Bí òun bá sọ pé kòkòrò kún inú rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé òun tún pè é ní ọ̀bùn nìyẹn?

Wọ́n yẹ alágbàfọ̀ wò ní ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ dá ṣáká. Wọ́n ní bí àìsàn bá ṣe é, kí ó sọ kí ó tó lo oògùn, wọ́n sì fún un ní ike olómọrí tí yóò fi gbé ìgbẹ́ náà wá. Ní ọjọ́ tí ó gbé e padà wá, aṣọ funfun ni ó wọ̀, tówẹ̀lì funfun ni ó sì fi wé ike náà. Dókítà bi í bóyá ó ti lo oògùn kankan.

"Oògùn apakòkòrò inú ara ni. Mo lò ó pé."

"Kí ni ó ṣe yín?"

"Kò sí ohun tí ó ṣe mí, ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ. Mo fi fọ inú mi mọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ láé pé ìdọ̀tí ni mo fún àbúrò mi."

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn kòkòrò náà gan-an ni òun ń dúró dè, oògùn sì ti pa rere pọ̀ mọ́ búburú. Yóò pẹ́ kí wọ́n tó tún pọ̀, ìfun akunlé kò sì lè dúró. Ó ní kí nọ́ọ̀sì lọ sọ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ kí wọ́n múra àtigé e.

Alágbàfọ̀ kọjú sí àbúrò rẹ̀, ike náà ṣì wà láyà rẹ̀.

"O kò sọ fún mi pé kòkòrò ni."

"Ẹ̀rù ni ó bà mí, kí ẹ má baà rò pé mo tún ń bú yín."

"Ò bá kúkú ti bú mi."