Má-Wo-Géèjì

“Bàbá, ó ti kún o! Ẹ wo epo tó ń dà sílẹ̀!”

Obìnrin tó ń ta epo sáré fa irin kúrò lẹ́nu táǹkì, ó ń fi àkísà nu ara ọkọ̀. Bàbá tó dúró tì í ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ló tẹjú mọ́. Ogún lítà péré.

“Ogún kẹ̀? Márùndínlógójì ló yẹ kó gbà.”

“Bàbá, èmi kọ́ ni mo ni táǹkì. Ó ní òun ti yó.”

Má-Wo-Géèjì ni wọ́n ń pe bàbá yìí láti ìgbà tó ti ń wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ló máa ń kìlọ̀ fún pé, “Má wo géèjì. Òpùrọ́ ni. Láti òkè dé àárín, jẹ́jẹ́ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń rìn bí ìyàwó tuntun. Láti àárín dé ìsàlẹ̀, eré ló ń sá bí ẹni tí ajá ń lé.” Ti ọkọ̀ tirẹ̀ tiẹ̀ ti kọjá irọ́ pípa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí abẹ́rẹ́ ọ̀hún ti dúró gbọnin sí àárín, ì báà jẹ́ pé epo wà, ì báà jẹ́ pé kò sí. Mẹkáníìkì tún un ṣe títí ó fi sú u. Bàbá ò kà á sí. Ó ní ìwé pélébé kan nínú ọkọ̀ tó ń kọ iye kìlómítà sí nígbàkígbà tó bá fi epo kún táǹkì. Kìlómítà mẹ́wàá, lítà kan. Ó fi ọdún méjìdínlógójì wakọ̀, epo ò sì tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà rí.

Ó jókòó sídìí sítíárì, ó tún ìṣirò náà ṣe. Àádọ́ta-dín-nírínwó kìlómítà. Márùndínlógójì lítà. Lóṣù tó kọjá pàápàá, iye náà ò bára mu, ó kàn rò pé ọwọ́ òun ló ṣì í kọ ni. Kì í ṣe pé ilé epo rẹ́ ẹ jẹ. Ilé epo tó bá ń rẹ́ni jẹ, ńṣe ni iye ojú ẹ̀rọ wọn máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í dín. Ohun kan ló kù: ó ti wá ra epo láàárín, ó sì ti gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nǹkan kéékèèké ni: omi tó gbé kaná tó sì gbàgbé, ilẹ̀kùn tó tì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ó wo ojú àkọ́bí rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ̀ ń wá?” Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, ọmọ ọdún méje, sì wà tí Bàbá ń gbé lọ sílé ìwé tó sì ń gbé bọ̀ lójoojúmọ́. Tó bá wá di ọjọ́ kan tó gbàgbé ọmọ náà sẹ́nu géètì ńkọ́? Ó wakọ̀ délé bí ẹni tó ru ẹyin.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá ọmọ náà. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí Bàbá wọlé, tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síwájú rẹ̀.

“Gbà, kó o fi pamọ́.”

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni?”

“Ọkọ̀ kọ́, èmi ni. Láti ọ̀la lọ, wá ẹlòmíì tí á máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé.” Ó jókòó sórí àga. “Mo ń ra epo, mo ń gbàgbé. Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mi ò mọ bó ṣe dénú táǹkì. Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà lọ lèmi náà ti bọ́ sí yìí.”

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ò lè wo ojú bàbá rẹ̀ mọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni.”

“Ìwọ kí ni?”

“Èmi ni mò ń bu epo sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, tẹ́ ẹ bá ti sùn lọ́sàn-án. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan. Ojú kan ni géèjì yẹn máa ń wà, ẹ̀rù ń bà mí kí epo má lọ tán mọ́ yín níbi tí ò ti sẹ́ni tó máa bá yín ti ọkọ̀. Mi ò lè sọ ọ́, kẹ́ ẹ má bàa ní mi ò fọkàn tán yín.”

Bàbá jáde lọ mú ìwé pélébé náà wá, ó fi itọ́ kan ẹnu pẹ́ńsù.

“Ọjọ́ Ẹtì mélòó látìgbà tí mo ti ra epo kẹ́yìn?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó o fi ogún kún un…” Ó fò sókè bí ọmọdé. “Márùndínlógójì! Márùndínlógójì géérégé! Orí mi pé! Ìwọ lo fẹ́ sọ mí di aláìlórí!”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì jọ ń sunkún, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

“Ìfẹ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ọmọ yìí.”

“Ẹ foríjì mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára mi.”

“Mo mọ̀. Ó wà lára èmi náà.” Ó nu ojú rẹ̀. “Bó o bá bu epo sí i, kọ ọ́ síwèé. Bí o ò bá bu, kọ ìyẹn náà. Lọ́jọ́ tí ìṣirò mi ò bá wá bára mu, tí ọwọ́ rẹ ò sì sí níbẹ̀, a máa jọ mọ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, fúnra mi ni màá fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́.”

Ọmọ rẹ̀ mi orí pé òun ti gbọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, bí Bàbá ṣe jí lójú oorun ọ̀sán, ìdí ọkọ̀ ló gbà lọ. Abẹ́rẹ́ géèjì ṣì dúró sí àárín. Ó ṣí ìwé. Lábẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ wúruwùru àwọn nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé: “Ọjọ́ Ẹtì. Mi ò bu nǹkan kan sí i.”

Bàbá kà á, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ gbé ọmọ wá láti ilé ìwé.