Èrò Ẹ̀pẹ́

Mo mọ ayọnilẹ́nu tí mo bá rí i. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe ádímíìnì gúrúùpù àwa tí a ní jẹjẹrẹ lórí Wasáàpù, oríṣiríṣi wọn ló ti wọlé wá bá wa. Ọ̀kan wà tó ń ta àgbo, tó ní ọ̀run ni àwa tí à ń gba abẹ́rẹ́ kímò ń sáré lọ. Òmíràn ń bi àwọn obìnrin tí wọ́n ti gé ọyàn wọn bóyá ọkọ wọn ṣì ń wò wọ́n. Èmi kì í bá wọn fa ọ̀rọ̀. Mo máa yọ wọ́n ni, mo sì máa ti nọ́ńbà wọn pa.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún yàtọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni. Kò sí àwòrán rẹ̀, orúkọ tó fi síbẹ̀ ni Èrò Ẹ̀pẹ́, ohun tó sì kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Rodiat dà? Munirah dà? Bàbá Adéòjó dà? Ẹ̀pẹ́ yìí mà ń gba èèyàn o. Ta ló tún kàn?"

Inú ọ́fíìsì ni mo wà ní Marina. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kíá, mo yọ onítọ̀hún kúrò. Èèyàn mọ́kàndínlógún ti kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin wa, kí ẹ lè mọ ohun tó dẹ́rù bà mí. A kì í túfọ̀ nínú gúrúùpù wa. Bí ẹnìkan bá kú, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì, tó jẹ́ ádímíìnì kejì, nìkan ni mọ̀lẹ́bí máa ń sọ fún. A ó rọra yọ nọ́ńbà olóògbé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, a ó ní ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Èmi ni mo yan Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ni púpọ̀ nínú wa ń gbé, mi ò sì rò pé aláìsàn kan máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ wádìí mi. Bí wọ́n bá ní fóònù rẹ̀ ò lọ, a ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni ò dáa.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tí èmi fúnra mi ń gba kímò, bàbá mi kú, àwọn mọ̀lẹ́bí mi ò sọ fún mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún mi: "Bàbá ní kó o jẹun o. Bàbá ní kó o má gbàgbé oògùn ẹ." Mo jẹun, mo lo oògùn. Ọjọ́ tí mo gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó rán àbúrò bàbá mi wá sọ ọ́. Mo gbà pé irọ́ yẹn ló dá ẹ̀mí mi sí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bí ọkọ mi bá pè pé òun ti dé Òjótà, mo máa ní kó ya fọ́tò ibẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ kejì, Èrò Ẹ̀pẹ́ tún fi nọ́ńbà mìíràn wọlé. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, bíi ti àná. "Rodiat dà?" Mo yọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè ti líǹkì gúrúùpù pa, torí ibẹ̀ làwọn aláìsàn tuntun ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà mìíràn, aago mọ́kànlá. Ó sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àmọ́ nígbà tó di Mọ́ńdè, aago mọ́kànlá ló tún dé, bí ẹni tí wọ́n lu agogo fún.

Àyà gbogbo gúrúùpù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwọn kan ò kọ nǹkan kan mọ́. Ìyá Ùsámà, tó dàgbà jù nínú wa, ń fi àdúà ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni Bísọ́lá kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Bísọ́lá jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lasunwon ní Ìkòròdú, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ni dókítà kọ fún un, ó ti gba mẹ́fà, èkeje sì bọ́ sí Tọ́sìdeè.

"Àǹtí, mi ò rò pé màá lọ ní Tọ́sìdeè," ló kọ. "Ẹni tó ń béèrè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn."

"Má dá a lóhùn rárá," ni mo fèsì. "Ìkà èèyàn ni."

"Mi ò ní mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ní kí ẹ̀yin dá a lóhùn."

Mo pè é, kò gbé e. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ojú mi ni dókítà ti sọ fún un pé kó má fo abẹ́rẹ́ kankan, pé bó bá fo ọ̀kan péré, kókó jẹjẹrẹ rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo rí i pé bí mi ò bá mú Èrò Ẹ̀pẹ́ kí Tọ́sìdeè tó dé, Bísọ́lá lè bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ta wá ni? Ẹni tí kò ní líǹkì gúrúùpù wa ò lè wọlé, ẹni tó bá sì ní in, inú wa ló wà. Bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo ń ka orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ùsámà ń ṣàdúà jù. Kí ló ṣe tó fi ń tọrọ àforíjì Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀? Jọláolúwa ò sọ nǹkan kan látìgbà tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń fi pa mọ́? Ẹni tó sọ̀rọ̀ ń fu mí lára, ẹni tó dákẹ́ náà ń fu mí lára. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì péré ló mọ àwọn tó ti kú. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe é. Ó wá ku Ọláwuyì.

Bí mo ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe wẹ́kú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó ń ṣe ní aago mọ́kànlá. Ó sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí pé, "Morádéyọ̀, ẹ fi ìlú mi sílẹ̀ o. Ẹ ti sọ ọ́ di ibi ìsìnkú." Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ tó ṣáájú abẹ́rẹ́ Bísọ́lá, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú. A kọjá Imota, a kọjá Itoikin, mo ń to èébú tí màá bú u. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀, létí ọ̀sà, ni mo ti bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run," ni mo fi kí i.

Ó gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, Morádéyọ̀. Kí ni mo ṣe?"

Kí n tó lanu, fóònù mi dún. Aago mọ́kànlá lù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Rodiat dà?"

Mo wo Ọláwuyì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àwọ̀n. Fóònù rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó wà lẹ́nu ṣájà. Ojú tì mí, mo wá ibi kan jókòó, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo bá wá fún un. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rín in tán.

"Ọmọbìnrin kan wá síbí lóṣù tó kọjá," ó ní. "Ó we ìborùn mọ́rí, èékánná ẹ̀ dúdú bíi tàwa tá a ti gba kímò. Ó gbé ìrẹsì Imota dání. Ó ní òun ń wá Rodiat, òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ti béèrè lọ́jà, ó ti béèrè ní mọ́sálásí méjì, kí ẹnìkan tó júwe ilé mi fún un."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Kí ni kí n sọ? Ṣebí òfin yín ni. Mo ní Rodiat ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ejinrin."

"Ẹ rán aláìsàn lọ sí Ejinrin?"

"Mo rò pé ó máa rẹ̀ ẹ́, kó yáa padà sílé ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó lọ. Wọ́n ní ó jókòó sétí omi títí ọjà fi tú."

"Kò sọ orúkọ ẹ̀ fún yín?"

"Mi ò bi í. Ẹ̀rù ń bà mí kó má bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó kàn ní tíṣà lòun, pé òun tọrọ àyè níléèwé ni."

Tíṣà. Aago mọ́kànlá ni àwọn ọmọ iléèwé ń jáde lọ ṣeré, tí àwọn tíṣà ń jókòó pọ̀ ní ọ́fíìsì kan, tí èèyàn lè yá fóònù ẹnì kejì rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ dágbére dáadáa fún Ọláwuyì tí mo fi dìde.

Ìwé àwọn ọmọ ni Bísọ́lá ń máàkì nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Lasunwon. Ó rí ojú mi, ó mọ̀ pé mo ti mọ̀, kò sì ṣẹ́.

"Bísọ́lá, ìwọ! Èèyàn mẹ́tàlélógójì lò ń já láyà!"

"Àǹtí, mo fi orúkọ ara mi bi yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ wò ó nínú fóònù yín. Ẹ ní Ẹ̀pẹ́ ló wà."

Òótọ́ ni.

"Èmi àti Rodiat, bẹ́ẹ̀dì wa kángun síra ní ọsibítù," ó ń bá a lọ. "Ọjọ́ tá a ríra kẹ́yìn, ó ní òun ò gba abẹ́rẹ́ mọ́, mo bá pè é ní ọ̀lẹ. Mo pè é ní ọ̀lẹ, àǹtí! Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù ẹ̀ ò ti lọ mọ́. Ẹ ní ó ń sinmi, ẹ ní ó ń jẹun dáadáa. Mo ní áà, ó ń bínú sí mi ni. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ó ti kúrò. Mo ní ó rí mi lókèèrè ló fi sá. Mo dé Ejinrin, mi ò rí i. Ìgbà tí mo wálé tí mo ka iye èèyàn tẹ́ ẹ ti ní ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mo tó fura. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ dájú." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Àǹtí, ṣé ó ti kú ni, àbí ó ń bínú sí mi?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní ó ń sinmi. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

"Ó ti kú, Bísọ́lá. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tẹ́ ẹ jà. Kò bínú sí ẹ. Kò tiẹ̀ lágbára láti gbé fóònù mọ́."

Ó figbe ta. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀rù, ẹkún ọ̀rẹ́ ni, mo sì bá a sun ún. Bàbá mi náà wà nínú ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, màá lọ lọ́la. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, èmi ò lọ. Ọjọ́ tó bá kan èmi náà, ẹ máa ní mo wà ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi á wá máa rò pé mo sá fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mò ń ro ẹni tí kò ní lè jẹun mọ́, àti ẹni tó máa fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí mi. Orúkọ méje ni. Mo kọ sábẹ́ wọn pé: "Wọ́n ti kú. Kò sí èyí tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ nínú wọn. Èmi ni mo purọ́ fún yín." Mo fi ránṣẹ́.

Jọláolúwa yọ ara rẹ̀ kúrò nínú gúrúùpù. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ùsámà fi ohùn ránṣẹ́, Bísọ́lá sì sún mọ́ mi ká lè jọ gbọ́ ọ.

"Morádéyọ̀, ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Èmi ni mo wẹ Rodiat kí wọ́n tó kírun sí i lára. Púpọ̀ nínú wa la ti mọ̀. Nígbà tó o ní ó wà ní Ẹ̀pẹ́, a rò pé irọ́ tí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ pa fún ẹ nìyẹn. A ní ká má sọ fún ẹ, kí ara ẹ fi le díẹ̀ sí i ná."

Bísọ́lá ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ẹnu.

"Ìyá, èmi Bísọ́lá ni. Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Èsì rẹ̀ ò pẹ́ dé. "Ìkòròdú níbí náà ni, ọmọ mi. Ẹ̀yìn iléèwé yín níbẹ̀ yẹn. Tó o bá ti gba abẹ́rẹ́ ẹ tán lọ́la, wá pè mí, ká jọ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."