Àtẹ̀gùn Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Aldermere, bàbá méjì ni ọmọ tuntun máa ń ní. Ọ̀kan ni èyí tó bí i, tó kù sílé. Èkejì ni ọmọkùnrin kan tó fi ọdún kan péré jù ú lọ, tí wọ́n yàn pé kó kọ́ ọ ní gbogbo àṣà ilé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni yóò máa ṣe bàbá fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí wọn yóò máa pe ara wọn ní bàbá àti ọmọ láìrẹ́rìn-ín. Àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ ti jẹrà tipẹ́ lábẹ́ òkúta ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àṣà wọn kò jẹrà.

Tarrant, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi eyín gé èékánná títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ, ni bàbá tí wọ́n fún Pellow tó jẹ́ ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ó mú Pellow jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì là á yé e. Ní ọjọ́ ìsinmi kejì, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, àwọn ọ̀gá ọmọ, ìyẹn àwọn àgbà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣàkóso àwọn yòókù, yóò pè é sínú yàrá wọn, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè.

"Bí mo bá kùnà ńkọ́, wọ́n á nà mí?" Pellow béèrè.

"Ìwọ kẹ̀? Wọn ò ní fọwọ́ kan irun orí rẹ." Tarrant rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Èmi ni wọ́n máa nà. Pàṣán mẹ́rin. Vaizey, olórí àwọn ọ̀gá ọmọ, ló ń nà án, kì í sì í dúró lójú kan nà èèyàn o, ẹnu ọ̀nà ló ti ń sáré bọ̀. Torí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ."

Pellow kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tarrant ní ìwé kékeré kan tí àwọn bàbá ti ń dà kọ látọwọ́ ara wọn láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Ó mọ òkúta tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ láàárín ọgbà. Ó mọ ẹni tó lè ki ọwọ́ bọ àpò àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó mọ orúkọ ajá olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá gbé ògì ọkà síwájú rẹ̀ láàárọ̀, kò lè gbé e mì, nítorí gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè ló ń rí ẹ̀yìn Tarrant lórí ìjókòó iwájú, á sì máa rò ó pé ara yẹn wà lọ́wọ́ òun. Kò bẹ̀rù nǹkan kan rí tó bẹ́ẹ̀. Ì bá sàn ká ní òun gan-an ni wọ́n fẹ́ nà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn kì í yí padà. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà nínú ilé gogoro agogo? Ìdáhùn tó wà nínú ìwé ni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan Pellow láti gbé àsíá gun ilé gogoro náà. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló ń tọ́jú iná tó ń darí ọkọ̀ ojú omi lórí àpáta kan ní etíkun Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí Pellow sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin ni bàbá náà ti ń sọ fún un pé, "Àtẹ̀gùn tí o kò bá kà ni yóò gbé ọ ṣubú." Kò mọ bí èèyàn ṣe ń gun àtẹ̀gùn láìkà á. Ó kà á lọ sókè, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó rò pé òun ti fo ọ̀kan, ó sì fara balẹ̀ kà á bọ̀ sísàlẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Tarrant kúnlẹ̀ níwájú iná, wọ́n ń yan búrẹ́dì fún àwọn ọ̀gá ọmọ. Pellow rọra sọ fún un.

Búrẹ́dì bọ́ lẹ́nu irin tí Tarrant fi ń yan án, ó ṣubú sínú eérú. "Ta lo sọ ọ́ fún?"

"Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ẹ̀yin nìkan ni, Bàbá."

"Má sọ ọ́ mọ́."

"Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"O ò báà kà á lẹ́ẹ̀mejìlá! Ta ló bi ọ́? Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó yá, wí i."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Tún un wí."

Pellow tún un wí títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, wọ́n wọlé. Àwọn ọ̀gá ọmọ mẹ́rin jókòó, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Pàṣán wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oyin bíi pé òun náà wà lára oúnjẹ. Vaizey tó jẹ́ olórí wọn ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún, irun ètè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti àlùfáà. Àṣà wọn ni pé kí bàbá bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀ sílẹ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ́wọ́. Tarrant bọ́ ọ, ó sì gbé e fún Pellow. Ẹ̀wù náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Pellow dáhùn gbogbo ìbéèrè. Òkúta, àpò, orúkọ ajá, ọ̀kan kò yẹ̀. Ó rí i pé èjìká Tarrant ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tó fara ti ògiri.

"O káre," ni Vaizey wí. "Ó ku ẹyọ kan. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà nínú ilé gogoro agogo?"

Pellow ń wá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú orí rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń gun òkúta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún." Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní akọni o. Ẹ̀rù ló sọ òtítọ́ yẹn, kì í ṣe ìgboyà.

Àwọn tó ń jẹun dáwọ́ dúró.

"Mélòó lo wí?" Vaizey béèrè.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, sà! Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í sọ ni. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni!"

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Èyí tó ṣáájú ńkọ́? Níbo lo ti rí i?"

Pellow wo Tarrant, Tarrant kò wò ó. "Mo... mo kà á ni, sà."

"O kà á." Vaizey nu ọwọ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìnuwọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì. "Ta ló ní kí o kà á?"

Vaizey yíjú sí Tarrant, ohùn rẹ̀ kò sì gbóná. "Tarrant, ọmọ rẹ mọ gbogbo nǹkan, àmọ́ ó lọ wádìí wa wò. Ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o."

"O ò sì kọ́ ọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Pellow gbé ẹ̀wù náà mọ́ àyà, ó di ojú. Òkùnkùn ojú kò di etí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó sáré wá láti ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ìró pàṣán, ó sì kà á, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe láìkà. Mẹ́rin ni.

Nígbà tí wọ́n jáde, Tarrant fara ti ògiri ọgbà, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Pellow na ẹ̀wù sí i, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

"Pa ẹnu mọ́, wọ́n ń wò wá." Tarrant rọra wọ ẹ̀wù, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Èmi náà kà á lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ mọ̀?"

"Bàbá tèmi níbí gba pàṣán mẹ́fà nítorí ẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pe Pellow. Ó sọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún láìṣẹ́jú, Vaizey sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí ìgbà ìkórè dé, tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún Pellow náà ní ọmọ. Quill ni orúkọ rẹ̀, ọmọ kúkúrú kan tí etí rẹ̀ tóbi, tó sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni ń já ata. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sáré bọ̀ láti ilé gogoro, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá! Bàbá, ẹ gbọ́! Wọ́n ṣì í kọ sínú ìwé wa o. Mo kà á, mẹ́rìn..."

Pellow ti fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Vaizey ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n pàṣán kò bá a lọ. Ìdí Pellow bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bíi pé wọ́n ti nà án ná. Ohun kan ń sọ nínú rẹ̀ pé kó bi ọmọ náà léèrè iye tó kà, kó sọ fún un pé òun náà mọ̀. Ẹ̀rù bà á.

"O ṣì í kà ni," ó wí. "Padà lọ kà á. Máa kà á títí yóò fi pé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

Quill padà lọ. Pellow dúró nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ bàtà kékeré tó ń gun òkúta, ó sì ń gbàdúrà bó ṣe ń kà á. Bàtà náà dé orí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó dúró. Ó pẹ́ kó tó gbéra bọ̀ sísàlẹ̀.

"Mélòó ni?" Pellow béèrè.

Ojú ọmọ náà kò dán mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni, Bàbá," ó dáhùn.