Díìsìkì Ló Dàgbà Jù

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni onífọ́tò tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin ló máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé wa, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ṣẹ́jú lásán, èmi ni yóò pè. Lọ́jọ́ yìí tó pè mí lórí fóònù, kò tilẹ̀ kí mi.

"Àbúrò, mo ti pa ẹ̀rín ìyá àgbà rẹ́."

Mo mọ ẹ̀rín náà. Láyé ìyá àdúgbò wa yẹn, kò rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà rí, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gba fọ́tò náà ní aago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti nu gbogbo fọ́tò inú káàdì kámẹ́rà mọ́ tónítóní, ẹni tí kì í gbá ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ó dì í mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

"Kí lẹ ṣe?"

"Ohun tí o kọ́ mi náà ni. Mo kọ 'tọ́jú' sí ojú dúdú inú kọ̀ǹpútà yẹn, mo kọ 'díìsìkì', mo kọ 'kọ̀ǹpútà'."

Ní ọdún kan sẹ́yìn ni mo ṣe ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí fún un, kí fọ́tò kọ̀ǹpútà lè ní ẹ̀dà nínú díìsìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì kọ́ ọ: kọ 'tọ́jú', kọ ibi tí fọ́tò ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà kọ ibi tó ń lọ. Ohun tó bá wà níbi kejì tí kò sí níbi àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́ kí àwọn méjèèjì lè rí bákan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà ló yẹ kó ṣáájú."

"Ìwé tí o kọ ọ́ sí, tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ló já bọ́, mo wá fi orí ara mi rò ó. Díìsìkì yẹn ti pé ọdún mẹ́fà, kọ̀ǹpútà ò tíì pé méjì. Ṣé ọmọdé á wá ṣáájú àgbà ni?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé. Ìgbà tí mo rántí ìyá àgbà ni àyà mi já.

"Ẹ̀rọ ń to orúkọ fọ́tò lọ," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ó ń kọ ọ́ pé òun ń pa á rẹ́. Gbogbo iṣẹ́ ọdún kan. Ni mo bá fa wáyà yọ."

Ọdún kan kẹ̀? Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń tọ́jú fọ́tò, kì í jẹ́ ká gbádùn nítorí rẹ̀. Ti òní nìkan ló yẹ kí díìsìkì máà ní.

Mo ki wáyà padà, mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí àpò fọ́tò. Gbogbo wọn pé síbẹ̀. Ìyá àgbà wà ní ìlà kẹta, ó dijú, eyín mẹ́ta yọ gedegbe. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé orí mi pé.

Mo ti ń wo inú ọ̀rọ̀ tọ́jú tí mo ṣe fún un. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ṣe ohunkóhun, kó kàn sọ ohun tí ì bá ṣe. Mo fi í síbẹ̀ kó lè fi dánra wò, mo ní tí mo bá jẹun tán n óò yọ ọ́. Mo ṣí díìsìkì. Fọ́tò tó kẹ́yìn lára èyí tí mo fọwọ́ ara mi dà síbẹ̀ ni èyí tó yà fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ, oúnjẹ kún ẹnu mi.

Odidi ọdún kan, ẹ̀rọ ń ṣèlérí láìda fọ́tò kan síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń dúpẹ́, ó ń lọ sùn. Ojú gbà mí tì. Ìgbàgbé mi yìí kan náà ló sì kó ìyá àgbà yọ.

Mo rọra yọ lẹ́tà náà, mo fi kọ̀ǹpútà ṣáájú, mo tẹ̀ ẹ́. Díìsìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Aago mẹ́rin lù, ọmọ-ọmọ dé, ó gba fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lọ. Díìsìkì ṣì ń kùn.

"Àbúrò, kí ló dé tó fi ń pẹ́ tó báyìí? Wéré báyìí ló máa ń ṣe tán tẹ́lẹ̀."

"Ara àgbà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mi orí. "Mo ṣáà sọ fún ẹ," ó wí, ó sì gbé tìmùtìmù àga rẹ̀ sábẹ́ díìsìkì.